Bí a ṣe ń ta Ogun Ìmàgbọn ti ọdún 1892 lórí tábìlì

Eré ogun orí tábìlì ni eré tí ènìyàn méjì máa ń jókòó tì, tí oníkálukú wọn yóò máa darí ọmọ ogun kéékèèké tí a fi páálí, ike tàbí òjé ṣe, lórí ilẹ̀ tí a ti fi igbó, odò àti ọ̀nà sí. Téèpù ni a fi ń mọ ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ ogun lè gbé e dé, dáìsì irú èyí tí a fi ń ta lúdò ni ó sì ń sọ bóyá ọta bà á tàbí kò bà á. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń ta eré yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, ẹ̀ka kan pàtàkì nínú rẹ̀ sì dá lórí àwọn ogun tí àwọn òyìnbó jà nígbà tí wọ́n ń gba ilẹ̀ onílẹ̀: ogun Zulu ti ọdún 1879, ogun Sudan, àti àwọn ogun orí òkè tó wà láàárín Íńdíà àti Afganístánì.

Ohun kan ń dùn mí nínú ọ̀pọ̀ irú eré bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gba ìhà onílẹ̀ kì í ní ìpinnu kankan láti ṣe ju pé kí ó máa ti àwọn ènìyàn rẹ̀ sẹ́nu ìbọn lọ, bí ẹni pé àwọn baba ńlá wa kò ní olórí ogun, wọn kò ní amí, wọn kò sì mọ ilẹ̀ ara wọn. Bí mo ṣe ń ta Ogun Ìmàgbọn, èyí tí ìjọba òyìnbó ní Èkó gbé ko Ìjẹ̀bú, ni mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín, lọ́nà tí ẹni tó di ìhà Ìjẹ̀bú mú yóò fi ní láti ronú gan-an bí ẹni tó di ìhà Èkó mú ṣe ń ronú. Òfin rẹ̀ kò pọ̀, èmi fúnra mi ni mo sì tò ó. Ẹni tí kò tíì ta irú eré yìí rí lè fi wákàtí mẹ́ta parí rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an

Ẹ má ṣe fo ibí yìí, nítorí inú ìtàn ni mo ti fa òfin eré yọ. Ìjẹ̀bú ló ni ojú ọ̀nà tí ọjà ń gbà láti etí ọ̀sà lọ sí òkè, wọn kò sì gbà kí àlejò gba orí wọn kọjá. "Ìjẹ̀bú-Òde, ajèjì ò wọ̀ ọ́" ni àwọn ènìyàn máa ń wí. Ní ọdún 1891, Denton tó ń delé fún gómìnà Èkó lọ bá Awùjalẹ̀ Túnwàṣe pé kí wọ́n ṣí ọ̀nà, Awùjalẹ̀ kò gba ẹ̀bùn tó gbé wá, ìjọba Èkó sì ka èyí sí àrífín. Ní oṣù kìíní ọdún 1892, àwọn aṣojú Ìjẹ̀bú ṣe àdéhùn ní Èkó pé ọ̀nà yóò di ṣíṣí, ìjọba Èkó yóò sì máa san 500 pọ́n-ùn lọ́dọọdún dípò owó ibodè tí wọ́n máa pàdánù. Kò pẹ́ sí i tí wọ́n dá míṣọ́nnárì òyìnbó kan padà lójú ọ̀nà, Gómìnà Gilbert Carter sì pinnu láti rán ogun.

Colonel Francis Scott ni ó ṣáájú ogun náà. Àwọn tó kó lọ tó nǹkan bí 450: àwọn ọmọ ogun Haúsá láti Gold Coast tí à ń pè ní Gánà lónìí, àwọn Haúsá ti Èkó, àwọn ọmọ ogun dúdú láti erékùṣù Karíbíánì tí wọ́n ń pè ní West India Regiment, àti àwọn jagunjagun Ìbàdàn. Àwọn aláàárù tó ru ọta àti oúnjẹ wọn tẹ̀ lé wọn. Wọ́n gba orí omi láti Èkó dé Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì forí lé Ìjẹ̀bú-Òde lójú ọ̀nà ẹsẹ̀ tó la igbó kọjá. Ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún, Ìjẹ̀bú dúró dè wọ́n níbi tí ọ̀nà ti wọ́ odò Yemọjí kọjá nítòsí Ìmàgbọn, ibẹ̀ ni ìjà sì ti gbóná jù. Ìjẹ̀bú pọ̀ jù wọ́n lọ lọ́nà púpọ̀, wọ́n sì ní díẹ̀ nínú ìbọn Snider, ìbọn òyìnbó tí a ń ki ọta sí láti ẹ̀yìn, pẹ̀lú ṣakabùlà wọn, ṣùgbọ́n ìhà kejì ní àgbá àti ìbọn Maxim arọ̀jò-ọta. Ní ọjọ́ kejì, ogun wọ Ìjẹ̀bú-Òde.

Ẹ kíyè sí ohun mẹ́ta nínú ìtàn yìí: ojú ọ̀nà kan ṣoṣo, odò kan, àti àwọn aláàárù. Ogun Scott kò lè fi ojú ọ̀nà sílẹ̀, kò lè yà fún odò, kò sì lè yìnbọn ju ohun tí àwọn aláàárù bá rù dé lọ. Orí àwọn ohun mẹ́ta yìí ni gbogbo ìpinnu eré dúró lé. Mo tún fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo fi àwọn Ìbàdàn sí ìhà Èkó nínú eré nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n wà. Kò yẹ kí a fi wọ́n pamọ́ kí ìtàn lè rọrùn gbọ́.

Bí a ṣe ń to tábìlì

Tábìlì tó gùn tó 180 sẹ̀ntímítà, tó sì fẹ̀ tó 120, ni ó dára jù. Bí tábìlì oúnjẹ ilé yín kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ gbé páálí fìríìjì tí ẹ tẹ́ pẹrẹsẹ lé e lórí. Ẹ fi aṣọ aláwọ̀ ewé bò ó. Etí kan nínú etí kúkúrú méjèèjì ni ìhà Ẹ̀pẹ́, ìkejì ni ìhà Ìjẹ̀bú-Òde.

Ẹ gé aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀ tàbí páálí tí ẹ kùn sí tẹ́ẹ́rẹ́ tó fẹ̀ ní 6 sẹ̀ntímítà, kí ẹ sì fi ṣe ojú ọ̀nà láti etí Ẹ̀pẹ́ dé etí kejì. Kí ọ̀nà náà má ṣe lọ tààrà. Ẹ jẹ́ kí ó tẹ̀ nígbà méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹni tó wà níwájú má baà rí òpin rẹ̀. Ní 100 sẹ̀ntímítà sí etí Ẹ̀pẹ́, ẹ fi ọ̀rá aláwọ̀ omi dábùú tábìlì láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, kí ó fẹ̀ ní 12. Odò Yemọjí nìyẹn. Ibi tí ọ̀nà ti pàdé rẹ̀ ni ìwọ́dò, ibẹ̀ nìkan ni ènìyàn sì ti lè kọjá. Ní òdì kejì odò, ní nǹkan bí 40 sẹ̀ntímítà sí etí omi, ẹ to ilé páálí mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kí ó dúró fún abúlé.

Igbó ni ó ń gba àkókò jù, òun náà ni ó sì ń mú tábìlì lẹ́wà. Kànìnkànìn ìwẹ̀ ni èmi ń lò, irú onífọ́nrán tí wọ́n ń tà lọ́jà. Ẹ ya á sí wẹ́wẹ́, ẹ rì í sínú ọ̀dà aláwọ̀ ewé tí ẹ fi omi là, ẹ fún un, kí ẹ sì sá a sórí ìwé ìròyìn títí di ọjọ́ kejì. Bí ó bá ti gbẹ, fọ́nrán rẹ̀ yóò le, yóò sì rí pákápáká bí igbó tí ènìyàn kò lè rí inú rẹ̀. Ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ pẹpẹ páálí tó tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, kí ẹ sì da lẹ́búlẹ́bú pákó sí àárín rẹ̀ kí ilẹ̀ má baà hàn. Pẹpẹ bíi 16 ni ẹ ó nílò. Ẹ tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì débi tí àlàfo fi máa ṣọ̀wọ́n láàárín wọn. Ilẹ̀ gbalasa kò gbọ́dọ̀ pọ̀ níbì kankan àfi ní etí odò àti ní àyíká abúlé.

Àwọn ọmọ ogun

Ẹ lè ra ère òjé tàbí ti ike lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn tó ga tó 28 mílímítà ni ó sì wọ́pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, mo gbà á nímọ̀ràn pé kí ó fi páálí líle ṣe wọ́n. Ẹ ya ènìyàn tó ga ní 3 sẹ̀ntímítà sí iwájú àti ẹ̀yìn páálí náà, ẹ gé e, kí ẹ sì fi gọ́ọ̀mù gbé e nàró lórí ìdí páálí tó fẹ̀ ní 2 níhà gbogbo. Àwọn Haúsá dé fìlà pupa pẹ̀lú aṣọ aláwọ̀ búlúù. Àwọn West India Regiment ní aṣọ Zouave (jákẹ́ẹ̀tì kúkúrú àti ṣòkòtò gbàgẹ̀rẹ̀) tí wọ́n ti ń wọ̀ láti ọdún 1858, pẹ̀lú láwàní funfun tí wọ́n wé mọ́ fìlà pupa. Fún àwọn Ìjẹ̀bú, ẹ kun kíjìpá àti gbérí ọdẹ: ẹ fi àwọ̀ ẹ̀lú sí ara àwọn kan, àwọ̀ ilẹ̀ sí ara àwọn mìíràn, kí ẹ sì fi orí abẹ́rẹ́ kán ọ̀dà funfun àti pupa sí àyà gbérí náà, kí ó dà bí oògùn tí a rán mọ́ ọn. Kí méjì nínú wọn má ṣe jọra. Nígbà tí mo kun àwọn tèmi báyìí tán, ó ti nira fún mi láti fi wọ́n ṣòfò lórí tábìlì, ohun tí mo sì ń fẹ́ gan-an nìyẹn.

Iye tí ẹ ó ṣe nìyí. Ìhà Èkó ní ẹgbẹ́ mẹ́fà, ènìyàn 8 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: Haúsá Gold Coast méjì, Haúsá Èkó méjì, West India Regiment kan, Ìbàdàn kan. Gbogbo wọn ni ìbọn Snider wà lọ́wọ́ wọn nínú eré yìí. Ẹ fi ìbọn Maxim kan kún un pẹ̀lú ènìyàn 3, àgbá kan pẹ̀lú ènìyàn 3, aláàárù 6, àti Scott fúnra rẹ̀. Ìhà Ìjẹ̀bú ní ẹgbẹ́ mẹ́jọ tí ènìyàn 12 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú olórí ogun méjì. Ẹgbẹ́ méjì nínú mẹ́jọ náà ni ó ní Snider, ṣakabùlà ni àwọn mẹ́fà yòókù ní.

Bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀

Ẹgbẹ́ méjì àkọ́kọ́ láti Èkó ni yóò wà lórí tábìlì, lójú ọ̀nà, láàárín 40 sẹ̀ntímítà sí etí Ẹ̀pẹ́. Àwọn yòókù yóò máa gba etí Ẹ̀pẹ́ wọlé lẹ́yìn wọn bí àyè bá ṣe ń ṣí. Kí ẹni tó ń darí wọn ronú dáadáa nípa ẹni tí yóò tẹ̀ lé ẹni, nítorí pé lójú ọ̀nà tóóró, Maxim tó wà lẹ́yìn pátápátá kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

A kì í to Ìjẹ̀bú síta. Ẹ gé páálí pélébé 12, ẹ kọ nọ́ńbà ẹgbẹ́ sí abẹ́ mẹ́jọ, kí ẹ sì fi mẹ́rin sílẹ̀ ní òfìfo. Ẹni tó ń darí Ìjẹ̀bú yóò da ojú wọn délẹ̀ sínú igbó níbikíbi tó bá fẹ́, bí wọ́n bá ti jìnnà tó 20 sẹ̀ntímítà sí ọmọ ogun Èkó, ṣùgbọ́n kí ó má ju mẹ́rin lọ ní ìhà Ẹ̀pẹ́ odò. Àwọn páálí yìí lè máa rìn nínú igbó bí ẹgbẹ́ gidi ṣe ń rìn. A máa ń ṣí páálí nígbà tí ẹgbẹ́ abẹ́ rẹ̀ bá yìnbọn, tàbí tí ọmọ ogun Èkó bá sún mọ́ ọn tó 10 sẹ̀ntímítà. Bí ó bá jẹ́ òfìfo, ẹ mú un kúrò. Ohun tí ẹni tó wà lójú ọ̀nà ń bẹ̀rù jù ni páálí tí kò mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀rù yẹn sì jẹ́ ohun ìjà Ìjẹ̀bú gan-an bí ìbọn ṣe jẹ́.

Bí ìyípo kan ṣe ń lọ

Ẹ kó ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò jọ: pupa mẹ́sàn-án fún Èkó, aláwọ̀ òféèfèé mẹ́jọ fún Ìjẹ̀bú, àti funfun méjì. Bí ẹ kò bá rí àwọ̀ wọ̀nyí, ẹ kùn wọ́n. Ẹ da gbogbo rẹ̀ sínú àpò aṣọ, kí ẹ sì máa fà wọ́n yọ lọ́kọ̀ọ̀kan láìwo inú àpò. Bí pupa bá jáde, ẹni tó ń darí Èkó yóò mú ẹyọ kan nínú àwọn tirẹ̀ tí kò tíì ṣe nǹkan kan ní ìyípo náà, ìbáà ṣe ẹgbẹ́, ìbọn ńlá (Maxim tàbí àgbá) tàbí àwọn aláàárù, yóò sì lò ó. Bí tòféèfèé bá jáde, ó kan Ìjẹ̀bú. Bí funfun kejì bá jáde, ìyípo ti parí. Ẹni tí kò tíì kàn ti pàdánù àyè rẹ̀. Ẹ dá gbogbo ìdérí padà sínú àpò, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Bí a bá wò ó dáadáa, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọmọ ogun ni yóò máa ráyè ṣe nǹkan ní ìyípo kan. Mo mọ̀ pé èyí máa ń bí àwọn kan nínú. Ṣùgbọ́n nínú igbó, níbi tí ọ̀gá kò ti lè rí ẹni tó wà ní ogójì ìṣísẹ̀ sí i, bí àṣẹ ṣe ń pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ ogun nìyẹn. Ìyípo 14 ni eré ní.

Ẹgbẹ́ tó bá kàn lè rìn kí ó sì yìnbọn, tàbí kí ó yìnbọn kí ó tó rìn. Lójú ọ̀nà, ọmọ ogun ń rin 25 sẹ̀ntímítà; aláàárù àti àwọn tó gbé ìbọn ńlá ń rin 20. Nínú igbó, ọmọ ogun Èkó ń rin 8 péré, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú àti Ìbàdàn ń rin 15. Aláàárù àti ìbọn ńlá kò lè wọ igbó rárá. Lórí ilẹ̀ gbalasa, 20 ni fún gbogbo ènìyàn. Ìbọn ńlá tó bá rìn kò lè yìn ní ìyípo yẹn.

Yíyin ìbọn

Ènìyàn kan, dáìsì kan. Bí ẹni tí à ń yìnbọn sí bá wà ní gbangba, 5 tàbí 6 ba ènìyàn kan. Bí ó bá wà nínú igbó tàbí nínú ilé, 6 nìkan ni ó bà á. Snider ń lọ dé 40 sẹ̀ntímítà, ṣakabùlà ń lọ dé 15. Ẹgbẹ́ tó bá yin ṣakabùlà gbọ́dọ̀ lo àyè tó bá tún kàn án láti ki ẹ̀tù àti ọta. Ó lè rin ìdajì ìrìn rẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n kò lè yìn. Ẹni tó wà nínú igbó kò lè yìnbọn jáde àfi bí ó bá wà láàárín 5 sẹ̀ntímítà sí etí igbó, ibẹ̀ nìkan náà ni a sì ti lè rí i láti ìta.

Maxim ní dáìsì 10, ó sì ń lọ dé 60 sẹ̀ntímítà. Bí 1 mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá jáde nínú dáìsì rẹ̀, ọta ti há, yóò sì pàdánù àyè tó bá tún kàn án. Àgbá ní dáìsì 4, ó ń lọ dé ibikíbi tí ojú rẹ̀ bá ká, igbó kì í sì í gba ènìyàn lọ́wọ́ rẹ̀: 5 àti 6 ba ènìyàn níbi gbogbo.

Ọta kì í ṣe àìlópin. Ẹgbẹ́ Èkó kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wà mẹ́rin tí a tò sí ẹ̀yìn rẹ̀, Maxim àti àgbá náà sì ní mẹ́rin mẹ́rin. Ìyìn kan, ẹ̀wà kan. Bí ẹ̀wà bá tán, wọn kò lè yìn mọ́ títí aláàárù kan yóò fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Aláàárù tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kan yóò fi ẹ̀wà mẹ́rin sílẹ̀ fún un, ẹ yóò sì yọ ẹrù kúrò lórí rẹ̀; kò ní òmíràn láti fún ẹnikẹ́ni. Ẹrù mẹ́fà péré ni ó wà fún gbogbo ogun. Ẹ̀wà pupa ni mo ń lò, nítorí pé ó tètè ń hàn sójú lórí aṣọ aláwọ̀ ewé, ẹni tó ń darí Èkó sì máa ń rí i bí ó ṣe ń dín kù níwájú rẹ̀.

Ìjà ọwọ́ àti ìgboyà

Bí Ìjẹ̀bú bá sáré jáde láti inú igbó débi tí wọ́n fi kan ọmọ ogun Èkó, ìjà di ti àdá àti ọ̀bẹ ẹnu ìbọn. Ẹ to àwọn tó kan ara wọn ní méjì méjì. Oníkálukú ju dáìsì kan, ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù ló ṣẹ́gun, a ó sì mú ẹnì kejì kúrò. Bí wọ́n bá dọ́gba, kò sẹ́ni tó kú. Ẹni tó jáde láti inú igbó ní ìyípo yẹn gan-an fi 1 kún dáìsì rẹ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ìhà tó pàdánù ènìyàn jù yóò fà sẹ́yìn ní 15 sẹ̀ntímítà.

Nígbàkigbà tí ẹgbẹ́ bá pàdánù ènìyàn, ẹ dán ìgboyà rẹ̀ wò. Ẹ ka gbogbo òkú tí ẹgbẹ́ náà ti ní láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ fi 3 kún un, kí ẹ sì ju dáìsì méjì. Àpapọ̀ dáìsì méjèèjì gbọ́dọ̀ tó iye yẹn ó kéré tán. Bí kò bá tó, ẹgbẹ́ náà yóò sá sẹ́yìn ní ìrìn kan gbáko, yóò sì lo àyè tó bá tún kàn án láti kó ara rẹ̀ jọ. Bí olórí bá wà láàárín 15 sẹ̀ntímítà, ẹ lè tún dáìsì kan jù.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn yín. Haúsá Èkó, ènìyàn 8, wà lójú ọ̀nà. Òféèfèé jáde nínú àpò. Páálí kan ṣí ní 12 sẹ̀ntímítà sí wọn, ẹgbẹ́ oníṣakabùlà ni. Dáìsì 12 lulẹ̀, mẹ́rin nínú wọn jẹ́ 5 tàbí 6, ènìyàn mẹ́rin sì ṣubú. Òkú 4 pẹ̀lú 3 jẹ́ 7. Dáìsì méjì fi 2 àti 3 hàn, 5 nìyẹn, wọn ìbá ti sá. Ṣùgbọ́n Scott wà nítòsí, a tún 2 jù, ó di 4, àpapọ̀ di 7, wọ́n dúró. Pupa jáde tẹ̀ lé e. Àwọn mẹ́rin tó kù yìnbọn sínú igbó, dáìsì kan ṣoṣo ló mú 6, Ìjẹ̀bú kan ṣubú, ṣùgbọ́n ìgboyà wọn kò yẹ̀. Wàyí o, ìbọn àwọn Ìjẹ̀bú ṣófo. Ṣé kí wọ́n dúró ki ìbọn, kí wọ́n yọ́ padà sínú igbó, tàbí kí wọ́n yọ àdá kí Maxim tó dé? Ìpinnu yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹni tó ń darí Ìjẹ̀bú ní, yóò sì tún bá a pàdé ní ọ̀pọ̀ ìgbà kí eré tó parí.

Wíwọ́ odò

Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ wọ inú Yemọjí gbọ́dọ̀ ju dáìsì méjì kí ó sì rí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kò bá rí i, yóò dúró sí bèbè, àyè rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Aláàárù àti ìbọn ńlá kì í jù ú, ṣùgbọ́n wọn kò lè wọ́dò kí ẹgbẹ́ oníbọn kan tó ti wà ní òdì kejì. Inú odò, 10 sẹ̀ntímítà ni ìrìn, ẹnikẹ́ni tó bá wà nínú omi kò lè yìnbọn, gbangba ni ó sì wà fún ẹni tó bá ń yìnbọn sí i.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo darí Ìjẹ̀bú, gbogbo ẹgbẹ́ mi ni mo tò sí bèbè odò bí odi, nítorí pé mo rò pé ibẹ̀ ni ó yẹ kí a ti dá wọn dúró. Maxim dúró sí òdì kejì, ó sì gbá bèbè náà mọ́ ní ìyípo mẹ́ta. Ohun tí mo kọ́ ni pé ẹgbẹ́ méjì onísnider tó fara pamọ́ sí etí igbó, ní nǹkan bí 30 sẹ̀ntímítà sí ìwọ́dò, ń ṣe ju ẹgbẹ́ márùn-ún tó dúró ní gbangba lọ. Kí àwọn oníṣakabùlà wà lẹ́yìn wọn, fún ẹni tó bá wọ́dò tán tí aṣọ rẹ̀ ṣì ń kán. Kí ẹgbẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sì wà ní ìhà Ẹ̀pẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn oníbọn kọjá, kí wọ́n sì dúró de àwọn aláàárù. Aláàárù tó bá ṣubú gbé ẹ̀wà mẹ́rin lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Ní ti Èkó, ìmọ̀ràn mi kò pọ̀: ẹ fi àwọn Ìbàdàn sínú igbó níwájú kí wọ́n máa ṣí páálí, nítorí àwọn nìkan ni ẹsẹ̀ wọn yá níbẹ̀, ẹ má ṣe ná ọta lórí ohun tí ẹ kò rí, ẹ sì jẹ́ kí Maxim wà ní ipò kẹta nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ.

Ìjẹ̀bú pọ̀ ju 96 lọ, nítorí náà ẹgbẹ́ Ìjẹ̀bú tó bá run tàbí tó bá sá kúrò lórí tábìlì lè padà wọlé láti etí Ìjẹ̀bú-Òde pẹ̀lú ènìyàn 12 tuntun. Ẹ ju dáìsì kan fún un ní ìbẹ̀rẹ̀ ìyípo kọ̀ọ̀kan. 4, 5 tàbí 6 ni yóò mú un wọlé. Gbogbo ìpadàbọ̀ lápapọ̀ kò gbọ́dọ̀ ju mẹ́rin lọ.

Ẹni tó borí

Ní òpin ìyípo kẹrìnlá, Èkó borí bí ẹgbẹ́ mẹ́ta tí ó ṣì ní ènìyàn mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ti kọjá odò, tí ọ̀kan nínú wọn wà nínú abúlé, tí ìbọn ńlá kan àti aláàárù mẹ́ta, ìbáà ṣe pé ẹrù wọn ti tán, sì ti kọjá pẹ̀lú wọn. Bí ọ̀kan péré nínú ìwọ̀nyí bá yẹ̀, Ìjẹ̀bú ló borí. Ẹ kò ní rí ibi tí mo ti ní kí ẹ ka òkú Ìjẹ̀bú fún àmì ayò, n kò sì ní fi í kún un. Ọ̀nà ni wọ́n ń dè, ọ̀nà ni kí a fi wọ̀n wọ́n.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pààrọ̀ ìhà kí ẹ sì tún un ta, ó sàn kí ó jẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ ní ìwé kan tí ẹ ó máa kọ ọ́ sí: ìyípo tí ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ fẹsẹ̀ kan bèbè kejì, iye ẹ̀wà tó kù nígbà náà, àti iye aláàárù tó ṣubú. Bí ẹ bá ti ta á lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún, ìwé yìí ni yóò sọ fún yín bóyá kí ẹ yọ ẹrù ọta kan tàbí kí ẹ fi ẹgbẹ́ kan kún Ìjẹ̀bú. Nínú ìwé tèmi, ìwọ́dò tó yá jù ni ti ìyípo karùn-ún. Èyí tó pẹ́ jù ni ti ìyípo kẹtàlá: àwọn West India Regiment ni wọ́n dé òdì kejì, àwọn márùn-ún péré, láìsí ẹ̀wà kan lẹ́yìn wọn, aláàárù kan ṣoṣo tó kù sì ṣì wà lójú ọ̀nà ní ìhà Ẹ̀pẹ́.